Oúnjẹ Ọmọ Erè àti Ìwọ̀n Ara Rẹ̀

Lára àwọn ejò tó gbajúmọ̀ jù nínú ilé àwọn olùsìn ejò ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni erè kékeré tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Python regius, bẹ́ẹ̀ Ghana, Togo àti Benin ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ lọ sókè òkun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní Ouidah, ní Benin yìí kan náà, erè ọ̀hún ni wọ́n ń bọ nínú ilé òrìṣà. Ohun tó ń kó àníyàn bá ẹni tó ń sìn ín jù ni oúnjẹ, nítorí pé ẹran tó lè gbààwẹ̀ fún oṣù mélòó kan láìkú ni, nígbà tí ẹni tó ni ín kò lè gbàgbé oúnjẹ tirẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ọmọ erè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin sábà máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 50 sí 80, kì í sì í jẹun lójú ẹsẹ̀, torí pé pupa ẹyin tó ti fà sínú ikùn ni yóò máa fi gbẹ́mìí ró títí yóò fi bọ́ awọ àkọ́kọ́, láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó ń fún un ní ọmọ eku tí kò nípọn ju ibi tí ara ejò náà ti nípọn jù, tí ó sì wọn bí ìdá 10 sí 15 nínú 100 ìwọ̀n ejò, èyí ni pé eku gíráàmù 7 sí 10 ló tọ́ sí ejò gíráàmù 70. Ọjọ́ 5 sí 7 ni wọ́n máa ń fi sáàárín oúnjẹ kan àti èkejì ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, wọn a sì máa fà á gùn bó ti ń dàgbà, títí yóò fi di ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí àlàfo yìí wà nínú ara ejò fúnra rẹ̀. Stephen Secor àti Jared Diamond, tí wọ́n ṣe ìwádìí lórí erè ilẹ̀ Burma ní àwọn ọdún 1990, fi hàn pé bí erè bá ti gbé ẹran mì, ìfun, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ a tóbi sí i láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọn a sì tún sún kì nígbà tí oúnjẹ bá dà tán. Ooru ló ń gbé iṣẹ́ ńlá yìí ṣe, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan àpótí rẹ̀ móoru tó digírì 31 sí 33. Bí òtútù bá mú un, eku lè rà sínú rẹ̀ kí ó sì bì í, bẹ́ẹ̀ náà ni bí wọ́n bá ń gbé e sókè sódò lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn oúnjẹ.

Àmọ́ sísanra yàtọ̀ sí dídàgbà, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù tó láti fi mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, bí wọ́n bá ń gbé ejò lé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó tó jẹun, nítorí pé eku tó ṣì wà nínú ikùn a máa purọ́ fún òṣùwọ̀n. Bẹ́ẹ̀, ojú gbọ́dọ̀ wo ara pẹ̀lú: ejò tó rù, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ yóò yọ ṣóńṣó bí òrùlé; èyí tó sanra jù, awọ yóò máa hàn láàárín ìpẹ́ rẹ̀. Àwọn kan tó ń sìn ín fún títà a máa fi oúnjẹ há a lọ́fun kí abo lè tètè tó gíráàmù 1,500, kó lè máa yé ẹyin. Ìwà wọ̀bìà ni, ti ènìyàn, kì í ṣe ti ejò, ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá bò ni ó sì ń bí.

Bí ọmọ erè bá kọ oúnjẹ tí ojú rẹ̀ sì ṣe bàìbàì, awọ ni ó fẹ́ bọ́. Òmíràn ò sì fẹ́ràn eku ni. Nínú ìwádìí tí Luca Luiselli àti Francesco Angelici tẹ̀ jáde ní 1998 lórí erè yìí ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ẹyẹ ni àwọn kékeré ń jẹ jù, ẹran tó ń fọ́mọ lọ́mú sì ni ti àwọn ńlá. Eku tí kò bá jẹ, kí wọ́n mú un kúrò, pàápàá bó bá jẹ́ ààyè, torí pé eku a máa gé ejò jẹ lóru; bí ìwọ̀n ara bá sì ti dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ó tó láti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.