Aláǹtakùn Inú Ìgò, Aláǹtakùn Ojú Fóònù

Òkú la fi kọ́ àwa. Nígbà tí ìran tiwa ń kọ́ bí a ṣe ń dá aláǹtakùn mọ̀, inú ìgò ló máa ń wà, sípíríìtì á bò ó mọ́lẹ̀, bébà pélébé á sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀: ibi tí wọ́n ti mú un, ọjọ́ tí wọ́n mú un, ẹni tó mú un. Ẹnikẹ́ni kì í pè é lórúkọ láì tíì gbé e sábẹ́ máíkíróskóòpù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ayé ṣe mọ àwọn aláǹtakùn afò ti erékùṣù Hawaii. Ní 1892, R. C. L. Perkins, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ibẹ̀ láti kó àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú igbó jọ. Àwọn aláǹtakùn dé ọ̀dọ̀ Eugène Simon ní Paris, òun ló sì ṣàpèjúwe wọn sínú ìwé ní 1900. Ọ̀gá ni Simon nínú iṣẹ́ yìí. Mi ò rò pé a tíì rí irú rẹ̀ mìíràn. Síbẹ̀, ohun tó wà níwájú rẹ̀ ti ṣá: sípíríìtì ti gba àwọ̀ rẹ̀, irun ara ti ń re. Irun àti àwọ̀ yẹn sì ni akọ aláǹtakùn afò fi ń jó níwájú abo. Simon mọ ara wọn. Kò rí ijó wọn.

Lónìí, ọmọ iléèwé tó ń gba ọ̀nà igbó Oahu ní Hawaii kọjá lè na fóònù sí aláǹtakùn kan, kó yà á, kó gbé e sórí iNaturalist, áàpù tí ń fún ẹ̀dá lórúkọ láti inú fọ́tò. Kó tó délé, orúkọ ti jáde. A ò rí irú èyí láyé tiwa. Ẹ wo fọ́tò bẹ́ẹ̀: ojú mẹ́rin tò níwájú, méjì àárín rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí iná mọ́tò, ó sì ti yí ara padà kọjú sí ẹni tó ń yà á. Ẹ̀dá tí ń wo ẹni tí ń wò ó ni.

Ṣùgbọ́n ibi tí orúkọ wà gan-an, fọ́tò kì í sábà débẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu akọ, apá kúkúrú méjì wà. Orí wọn wú, abẹ́rẹ́ tíńtínní kan sì yọ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun ló fi ń gbé àtọ̀ fún abo. Bí abẹ́rẹ́ yẹn ṣe gùn tó, bí ó ṣe tẹ̀ sí, ìyẹn ni àwa fi ń ya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ti abo, abẹ́ ikùn là ń wò. Ẹni tí kò bá rí ìwọ̀nyí, kó sọ pé Havaika ni, agbo tí Jerzy Prószyński ará Poland kó àwọn aláǹtakùn afò Hawaii yìí sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, kó sì dúró níbẹ̀. Áàpù a máa kọjá ibẹ̀, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Kí a má sì fi ìgò ṣe òrìṣà. Menemerus bivittatus, aláǹtakùn aláwọ̀ eérú tí ń sáré lára ògiri ilé wa, ti bá èèyàn kúrò ní Áfíríkà dé Hawaii. Léon Dufour ti sọ ọ́ lórúkọ láti 1831. Akọ rẹ̀ ní ilà dúdú kan láàárín ẹ̀yìn. Ti abo jẹ́ méjì, ọ̀kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí, tí òkú ń dé bá láti èbúté oríṣiríṣi, tún un sọ lórúkọ léraléra bí ẹni pé ẹ̀dá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọmọdé tó bá rí akọ tó ń jó fún abo lára ògiri kan náà kò ní pè wọ́n ní méjì.

Nígbà tí DNA dé, kò dá wa láre pátápátá. Ní 2006, Miquel Arnedo àti Rosemary Gillespie gbé èsì tiwọn lórí Havaika jáde, ó sì hàn pé ààlà tí ìrísí pa kò bá èyí tí DNA pa mu níbi gbogbo. Bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ yẹn la fi ń búra.

Bí a sì ti ń jiyàn lórí orúkọ, púpọ̀ nínú igbó ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ Hawaii ti di oko, pápá màlúù àti ilé. Èèrà tí kò sí níbẹ̀ rí ti bá èèyàn dé, wọ́n sì ń jẹ àwọn ẹ̀dá ibẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin ọmọ tí fóònù wà lọ́wọ́ yín: ẹ ya aláǹtakùn láàyè, kí ijó rẹ̀ má bàa sọnù. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá ti gba ìwé àṣẹ, ẹ fi akọ kan àti abo kan tó ti dàgbà sínú sípíríìtì, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti mú wọn. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, nítorí sípíríìtì a máa pa tàdáwà rẹ́.