Kí A Tó Tú Gọ́ọ̀nù

Ní ṣọ́ọ̀bù táyà tírélà tí mo ti kọ́ṣẹ́ ní Ogere, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ọmọṣẹ́ tuntun kì í fọwọ́ kan gọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ tú nọ́ọ̀tì. Ìdí tánkì kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ni wọ́n ń fi ọmọṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí. Láràárọ̀, èmi ni mò ń ṣí ẹnu kékeré tó wà nísàlẹ̀ tánkì náà, tí omi pípọ́n á sì tú yàà jáde.

"Ọ̀gá, ta ló bu omi síbẹ̀?"

"Afẹ́fẹ́ tí o ń mí símú yìí náà ni."

Wọ́n ní bí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bá ti ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ó ń gbóná. Tó bá wá tutù nínú tánkì, ọ̀rinrin inú rẹ̀ á di omi. Èmi náà fojú rí i pé omi ìgbà òjò ju ti ìgbà ọyẹ́ lọ fíìfíì. Bí a ò bá dà á nù, inú gọ́ọ̀nù ló ń gbà lọ.

Ohun tí omi yẹn ń bà jẹ́ hàn sí mi lọ́jọ́ tí ọ̀gá tú gọ́ọ̀nù oníbàárà kan tí kò lágbára mọ́. Irin róbótó kan ló wà láàárín rẹ̀, tí wọ́n la ojú tóóró sí lára yípo. Abẹ pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Bí irin náà bá ń yí, ó yẹ kí àwọn abẹ yìí yọ síta, kí wọ́n fara ti ògiri, kí afẹ́fẹ́ lè rí nǹkan tì. Ọ̀gá dorí irin náà kodò sí àtẹ́lẹwọ́: abẹ kan jábọ́, àwọn yòókù ò mira. Ìpẹtà ti pò mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí oníbàárà ń rọ sí i, ó ti di àtè.

20W-50 tí à ń dà sínú ẹ́ńjìnnì ki jù fún gọ́ọ̀nù. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe fún irinṣẹ́ afẹ́fẹ́ là ń lò. A ó kán an lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin sẹ́nu ibi tí hóòsì ń wọ̀, a ó sì jẹ́ kí gọ́ọ̀nù yí lásán díẹ̀ kí ọ́ìlì lè kárí. À ń ṣe é láàárọ̀, à ń ṣe é lálẹ́. Ti alẹ́ ni ọ̀gá kì í gbójú fò, torí òun ló ń dáàbò bo irin mọ́jú. Kí a tó so hóòsì, a ó kọ́kọ́ fẹ́ ẹ sóde, kí yanrìn ẹ̀bá títì má bàa bá afẹ́fẹ́ wọlé.

Táyà tírélà ń gba 100 psi àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ 90 psi ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ gọ́ọ̀nù fún. Nítorí náà, hóòsì gọ́ọ̀nù ní rẹ́gúlétọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá ń fi agbára táyà tú nọ́ọ̀tì, òòlù inú gọ́ọ̀nù ló ń pa. Ọ̀gá kì í sì yá àwọn tó ń fín ọ̀dà ọkọ̀ ní hóòsì yẹn. Bí ọ́ìlì inú rẹ̀ bá bá ọ̀dà jáde, ọ̀dà ò ní jókòó. Á máa ya ojú wẹ́wẹ́ lára ọkọ̀, àfi kí wọ́n há a kúrò.

Lónìí tí èmi náà ti gba fíríìdọ́mù, bí wọ́n bá pè mí wá wo gọ́ọ̀nù tí kò ṣe dáadáa, n kì í kánjú mú sípánà. Ọmọṣẹ́ mi á fi ìfófó ọṣẹ pa oríkèé hóòsì, á wo ibi tó ti ń hó. Èmi á wo rẹ́gúlétọ̀, màá kán ọ́ìlì sí i, màá jẹ́ kó yí. Ọ̀pọ̀ ló ń jí pépé níbẹ̀. Èyí tó bá ṣì ń wọ́ lẹ́yìn gbogbo ìyẹn nìkan là ń tú.