Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Ra Ọkọ̀

Ọ̀nà kan wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Jámánì tí ó jẹ́ òpópónà, tí ó tún jẹ́ pápá eré-ìje. Ní àwọn ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i fún gbogbo ènìyàn, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìwé ìwakọ̀, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì bófin mu, lè sanwó lẹ́nu géètì kí ó wọlé. Òfin ìrìnnà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ọwọ́ òsì nìkan ni a lè gbà kọjá lára ọkọ̀ ẹlòmíràn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi aago ka bí òun ṣe yá tó. Síbẹ̀, ibẹ̀ kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ń gbé ọkọ̀ titun wọn lọ láti mọ bí wọ́n ṣe lágbára tó. Nürburgring ni orúkọ ibẹ̀. Apá rẹ̀ tí mo ń sọ yìí ni wọ́n ń pè ní Nordschleife, ìyíká ti ìhà àríwá.

Ọ̀rọ̀ rírà ọkọ̀ ló gbé mi débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti ń gbé ní Köln láti bí ọdún 18, níbi tí ó ti ń tún ẹ̀rọ ilé-ìwòsàn ṣe. Kì í ṣe onínàákúnàá. Ó ti kọ́lé fún ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, ó sì ń rán àbúrò méjì nílé-ìwé. Ohun kan ṣoṣo ló ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti kékeré: kí òun ra ọkọ̀ eré kan kí òun tó pé ẹni 50 ọdún. Owó náà ti pé tán. Ìyàwó rẹ̀ ti fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe àdéhùn: ẹ̀ẹ̀kan ni yóò rà á. Kò gbọdọ̀ rà á lónìí kí ó tà á ní ọdún tó ń bọ̀ nítorí pé ó yan èyí tí kò bá a lára mu. Èmi tí mo lọ kí wọn ni ó mú dání gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Ọkọ̀ méjì ló ń wò: Porsche 718 Cayman GT4 àti 718 Cayman GT4 RS. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín. Ìyá kan náà ló bí wọn, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò bára mu. GT4 jáde ní 2019. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 4, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 420. Jíà mẹ́fà ló ní, ọwọ́ ni a fi ń pa á dà, ẹsẹ̀ òsì ni a sì fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, gẹ́gẹ́ bí onídánfó ti ń ṣe ní Ọ̀jọ́ta. Ilé-iṣẹ́ náà fi ọtomátíìkì kún un nígbà tó yá, ṣùgbọ́n oníjíà ọwọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń wò. GT4 RS jáde ní 2021. Agbára ẹṣin 500 ni tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè yí ní ìgbà 9,000 láàrin ìṣẹ́jú kan, ọtomátíìkì oníjíà méje tí wọ́n ń pè ní PDK nìkan ni wọ́n sì ṣe é sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ jíà ọwọ́ kò rí i rà. Àlòkù ni méjèèjì tí ẹ̀gbọ́n mi ń wò; bí wọ́n bá gbé irú wọn kọjá òkun wá sí Èkó, tòkunbọ̀ ni a ó máa pè wọ́n.

Láti Köln dé abúlé Nürburg jẹ́ nǹkan bíi 90 kìlómítà. Bí a ti ń gun òkè Eifel ni ilé ń dín kù, tí igbó ń ki sí i. Lórí òkè abúlé náà ni àwókù ilé olódi àtijọ́ wà, tí ó ń wo gbogbo agbègbè bí àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Agbègbè òtòṣì ni Eifel nígbà kan. Ní 1925 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà eré-ìje yìí, kí àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ lè rí iṣẹ́ ṣe. Ní oṣù kẹfà ọdún 1927 ni wọ́n ṣí i, Rudolf Caracciola ló sì gba ipò kìíní nínú eré-ìje ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó wáyé níbẹ̀. Ìyíká náà gùn tó kìlómítà 20.832, kọ́nà rẹ̀ lé ní 70, ibi tó ga jù àti ibi tó rẹlẹ̀ jù sì fi nǹkan bí mítà 300 jìnnà síra wọn. Ní 1968, Jackie Stewart borí níbẹ̀ nínú òjò àti kùrukùru, òun náà ló sì sọ ibẹ̀ ní Ọ̀run Àpáàdì Aláwọ̀ Ewé. Ní 1976, iná fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí Niki Lauda níbẹ̀. Láti ọdún náà ni Formula 1 kò ti sáré lórí Nordschleife mọ́.

Àwọn ará àdúgbò kò fi ojú eré nìkan wò ó. Nígbà tí omíyalé ba àfonífojì odò Ahr jẹ́ ní oṣù keje ọdún 2021, pápá yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fi ṣe ibùdó. Ọ̀nà tí a là láti fi gba àwọn aláìníṣẹ́ sílẹ̀ tún di ibi ìsinmi fún àwọn tó wá gba ẹ̀mí là.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú tí a débẹ̀, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ní GT4 RS ti ń dúró dè wá. Èmi ni ó kọ́kọ́ gbé. Ìjókòó rẹ̀ há gádígádí, ó sì gbá ènìyàn mú bí ìgbà tí a gbọ́mọ pọ̀n. Níbi tí fèrèsé kékeré yẹ kí ó wà lẹ́yìn etí, ihò tí ẹ́ńjìnnì ń gbà fa atẹ́gùn ni wọ́n ṣe síbẹ̀. Bí awakọ̀ ti tẹná, ariwo náà kò dà bí ohun tó ń ti òde wá; ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì náà fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ àṣírí, tí kò sì mọ bí a ti ń rọra sọ ọ́.

Níbẹ̀ ni mo ti rí iṣẹ́ tí ọtomátíìkì ń ṣe. Ọ̀nà náà ń lọ sókè, ó ń já sísàlẹ̀, ó ń yà lójijì lẹ́yìn gegele tí a kò rí ẹ̀yìn rẹ̀. Níbi kọ́nà tí wọ́n ń pè ní Karussell, a já sínú kòtò oníkọnkéré tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo eyín mi sì ń gbọ̀n pẹkẹpẹkẹ. Ní gbogbo àkókò yìí, ọwọ́ awakọ̀ náà méjèèjì kò kúrò lórí sítíárìn. Jíà ń pa ara rẹ̀ dà kí n tó ṣẹ́jú. Ojú rẹ̀ ráyè wo iwájú, ọkàn rẹ̀ ráyè ronú sí kọ́nà tó ń bọ̀. Níbi tí irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ti sún mọ́ títì báyìí, tí ẹni tó bá kọlù ú yóò san owó àtúnṣe irin náà, tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò kì í sì í dá sí i, ìrọ̀rùn kékeré bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun ìfojú-dí.

Ṣùgbọ́n a jáde láti ẹnu géètì, a sì bọ́ sójú ọ̀nà abúlé. Níbẹ̀, kìlómítà 50 ni òfin gbà láàrin wákàtí kan. Ọkọ̀ tó ń fò bí àṣá lẹ́ẹ̀kan di ẹran tí a so mọ́lẹ̀. Gbogbo ibi tí wọ́n ti lẹ títì ni ẹ̀yìn mi ń kà. Iwájú ọkọ̀ náà rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ fi ń dá ẹsẹ̀ dúró kí ó tó gun ẹnu àbáwọlé ilé oúnjẹ kékeré kan. Ó sọ fún wa láìfi pamọ́ pé ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ lọ́dún ni òun ń gbádùn rẹ̀ dé ibi tó yẹ, àwọn ọjọ́ yòókù sì ni ó ń gbé nínú gáréèjì, tí òun ń fi aṣọ bò ó.

Ọ̀sán ni a lọ wo GT4 lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà á, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Adenau. Ẹ̀gbọ́n mi wà á gba ọ̀nà tó ń rọra yí àárín oko àti igbó. Ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó ń fa jíà wálẹ̀, ó ń tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Kò sọ̀rọ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dùn mọ́ ni, bíi ti onílù tó ń fi ọsán gángan wá ohùn.

GT4 náà ní àléébù tirẹ̀, kí n má purọ́ fún yín. Jíà rẹ̀ gùn jù. Ẹ̀kejì nìkan lè gbé e kọjá kìlómítà 130 ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí a wà kò gbà ju 100 lọ. Ẹni tó fẹ́ràn kí ó máa pa jíà dà ra ọkọ̀ tí kò fún un láyè tó bẹ́ẹ̀ láti pa á dà. Àríwísí yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn tó mọ ọkọ̀ náà, ó sì yẹ kí ẹni tó ń rà á mọ̀ kí ó tó sanwó.

Bí a bá ní kí aago dájọ́, ẹjọ́ ti parí. Porsche fúnra rẹ̀ sọ pé GT4 RS fi ju ìṣẹ́jú-àáyá 23 lọ yá ju GT4 lórí Nordschleife. Ṣùgbọ́n ìtàn aago náà ní ẹ̀yìn. Ní 2013, ilé-iṣẹ́ yìí gbé GT3 kan jáde tí kò ní jíà ọwọ́ rárá, ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀ sì fárígá. Ní 2016 wọ́n ṣe 911 R, 991 péré, oníjíà ọwọ́ ni gbogbo wọn. Ní 2017 jíà ọwọ́ padà sínú GT3. Nígbà tó di 2025, GT3 oníjíà ọwọ́ yí Nordschleife ká láàrin ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú-àáyá 56. Ọtomátíìkì tó ṣáájú rẹ̀ ní 2021 lo ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú-àáyá 59. Èyí kò túmọ̀ sí pé ọwọ́ ènìyàn yá ju ẹ̀rọ lọ. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ara ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ló mú un yá. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé jíà nìkan kọ́ ló ń sọ ọkọ̀ di asáré, nítorí náà kò yẹ kí eré nìkan sọ irú jíà tí a ó yàn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ẹ̀gbọ́n mi kò sọ jáde títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ọmọbìnrin rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 17, ó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́wọ́. Ní Jámánì, ẹni tó bá fi ọtomátíìkì ṣe ìdánwò kò lè wa oníjíà ọwọ́, àfi bí ó bá lo ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2021, tó ní kí ó gba ẹ̀kọ́ 10 ó kéré tán lórí oníjíà ọwọ́, kí ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ sì dán an wò. Ọmọ náà bi bàbá rẹ̀ pé kí ni òun fẹ́ fi ẹ̀kọ́ 10 náà ṣe, nígbà tí ọkọ̀ oníná tó gbòde kò ní jíà tí ènìyàn ń pa dà. Bàbá rẹ̀ kò rí èsì fún un. Inú ọkọ̀ akẹ́rù bàbá tirẹ̀, láàrin Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣàgámù, ni òun ti kọ́ bí a ti ń fi etí gbọ́ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń bẹ̀bẹ̀ fún jíà mìíràn. Ó fẹ́ kí ohun kan nínú ìmọ̀ yẹn dé ọwọ́ ọmọ òun kí ayé tó gbàgbé rẹ̀. Nínú GT4 RS, ọmọ náà yóò jẹ́ èrò ọkọ̀. Nínú GT4, yóò lè jókòó ti bàbá rẹ̀ lónìí, kí ó sì gba sítíárìn lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá tó o wà.

Ó ra GT4 náà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ìyàwó rẹ̀ bèèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé òun lè wà á lọ sọ́jà? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fojú inú wo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ní Köln tàbí ní Houston, àní bí owó yín kò bá tíì pé, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹ ka iye ọjọ́ tí ẹ ó fi wà lórí pápá nínú ọdún, kí ẹ ka iye ọjọ́ tí ẹ ó fi wà lójú ọ̀nà ilé. Bí pápá bá pọ̀ jù, ẹ ra èyí tí a ṣe fún pápá, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọtomátíìkì bú yín, nítorí iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Bí ọ̀nà ilé bá pọ̀ jù, ẹ ra èyí tí yóò fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín níṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń lọ ra búrẹ́dì. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nürburgring dára, ó sì lẹ́rù, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo wa jáde níbẹ̀, tí oníkálukú sì wa ọkọ̀ rẹ̀ gba ọ̀nà abúlé lọ sílé.