Títì Tí Tírélà Ń Gbà

Nínú géèmù tí wọ́n ń pè ní Cities: Skylines, ariwo a máa sọ èèyàn di aláìsàn. Ilé-iṣẹ́ Colossal Order ní orílẹ̀-èdè Finland ló ṣe é, ó sì jáde ní oṣù kẹta ọdún 2015. Ẹni tó bá ń fi í ṣeré ni yóò la títì, tí yóò pín ilẹ̀ fún ilé gbígbé, ìsọ̀ àti ilé-iṣẹ́, tí yóò fa omi àti iná, kí àwọn ará ìlú tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọlé. Bí ibẹ̀ kò bá sì gbádùn mọ́ wọn, wọn a tún kó lọ.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní Itele, ní agbègbè Ọ̀tà, ló kọ́ mi. Kì í ṣàlàyé púpọ̀. Á jẹ́ kí n kọ́ àdúgbò kan tán, á wá tọ́ka sí àmì àìsàn tó ń yọ lórí àwọn ilé, á ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ rò pé ó ń ṣe wọ́n?" Omi ni ọkàn ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń lọ sí. Ó ṣí àwòrán omi, omi mọ́. Ó ṣí ti ìdọ̀tí ilẹ̀, ilẹ̀ mọ́. Ìgbà tó ṣí ti ariwo ni mo rí i pé àwọ̀ ti gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ títì ńlá tó la àárín ilé kọjá, inú àwọ̀ yẹn gan-an sì ni àwọn aláìsàn wà. "Ẹ má wo ilé-iṣẹ́ nìkan, sà," ó ní. "Títì ni kí ẹ máa wò."

Orí ẹ̀kọ́ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Ilé-iṣẹ́ ń pariwo, ìsọ̀ ń pariwo, kódà àwọn ẹ̀rọ gíga tó ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná ń pariwo, bí wọn kò tilẹ̀ rú èéfín. Àmọ́ títì ló ń gbé ariwo dé ẹnu ọ̀nà èèyàn, bó bá sì ṣe fẹ̀ tó, tí ọkọ̀ pọ̀ lórí rẹ̀ tó, ni ariwo rẹ̀ ń pọ̀ tó. Mo kọ́ láti fi ọ́fíìsì sí àárín ilé-iṣẹ́ àti ilé gbígbé, torí pé ọ́fíìsì kì í pariwo, ariwo kì í sì í dí i lọ́wọ́. Mo kọ́ òfin tí a fi ń lé ọkọ̀ ńlá kúrò ní títì kékeré. Èyí tó gbà mí ní àkókò jù ni ọ̀rọ̀ ẹrù. Ilé-iṣẹ́ ń gba ohun èlò, ó ń kó ọjà jáde. Tírélà ló ń gbé méjèèjì. Bí ilé-iṣẹ́ bá wà lápá kan ìlú, tí ọ̀nà márosẹ̀ wà lápá kejì, àárín ilé ni tírélà yóò máa gbà tọ̀sán-tòru. Ẹ gbé ilé-iṣẹ́ sí ibi tí a ti ń yà kúrò ní márosẹ̀, tírélà á wọlé, á jáde, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sùn. "Ẹ la ọ̀nà fún ẹrù ná," ni ọ̀dọ́kùnrin náà, tó ti di ọ̀gá mi, máa ń sọ, "kí ẹ tó pe èèyàn wá gbé."

Ẹni tó ń gbé agbègbè Ọ̀tà kò ní pe èyí ní eré. Ilé-iṣẹ́ tò lọ ní ọ̀nà Ìdí-Ìrókò àti ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta. Itele ní tirẹ̀ múlé ti Ayobo, ní ẹnu ààlà Èkó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa sá wá nígbà tí owó ilé Èkó kọjá agbára wa. Púlọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan là ń rà, oníkálukú ń kọ́ tirẹ̀, ibi tí ilé bá fi sílẹ̀ ni títì ń gbà. Ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù, ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, ẹ̀rọ ata, àárín ilé ni gbogbo wọn wà, torí pé ibi tí oníbàárà bá wà ni oníṣẹ́ ń lọ. N kò bá wọn wí. Ta ló ya ibòmíràn sọ́tọ̀ fún wọn?

Igi ni mo fẹ́ràn jù nínú géèmù náà, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn tan ara rẹ̀ jẹ. Níbẹ̀, a óò gbin igi sí etí títì, àwọ̀ ariwo á sì fà sẹ́yìn. Igi tiwa kò lágbára tó bẹ́ẹ̀: ìlà kan ṣoṣo kò lè dá ariwo dúró, àfi igbó tó dí, tó sì fẹ̀. Ògiri tó ga tó láti bo ọkọ̀ mọ́ wa lójú ṣiṣẹ́ ju ewé lọ. Jíjìnnà náà ṣiṣẹ́. Ní gbangba, bí a bá jìnnà sí ẹ̀rọ kan ní ìlọ́po méjì, nǹkan bíi decibel 6 ni yóò dín nínú ariwo rẹ̀.

Mo wá jẹnẹrétọ̀ títí nínú géèmù yẹn, n kò rí i. Iná ibẹ̀ ń ti ilé-iṣẹ́ iná lẹ́yìn ìlú wá, ó ń gba wáyà wọ ìlú. Ní tiwa, bí iná bá ti lọ, ilé kọ̀ọ̀kan á tan tirẹ̀, ìgbà mìíràn lábẹ́ fèrèsé yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ fún ilẹ̀ Yúróòpù ní ọdún 2009 pé kí ariwo ìta má ju decibel 40 lọ lóru. Ọdún yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ ṣe ìlànà tiwa lórí ariwo, ó sì fi í sábẹ́ NESREA, àjọ tó ń mú òfin àyíká ṣẹ. Mo fara mọ́ ìlànà náà gan-an, ṣùgbọ́n ìlànà kò lè sún ilé tí a ti kọ́ tán sẹ́yìn.

Ilẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn àdúgbò wa tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́lé sí. Mo ya àwòrán rẹ̀ fún ẹgbẹ́ onílé: títì kan ṣoṣo fún típà àti tírélà, àwọn oníbúlọ́ọ̀kù àti àwọn wẹ́dà lójú títì náà, ìsọ̀ lẹ́yìn wọn, kí ilé gbígbé tó bẹ̀rẹ̀. Alága bi mí léèrè ta ni yóò gbà kí títì tírélà gba iwájú ilẹ̀ òun. Mo ní kí onítọ̀hún má kọ́ ilé gbígbé síbẹ̀, kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù, kó sì fi háyà. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì yanjú. Ọ̀gá mi yóò gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí àwọn bàbá lè la títì náà sí ibi tó bá wù wọ́n, kí wọ́n sì wo ilé tí ariwo rẹ̀ yóò dé.