Orúkọ Ọmọ Nínú Ìwé Baba

Nígbà tí baba wa fi ayé sílẹ̀ ní Kétu, àwọn tí ó kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà wa kì í ṣe ìbátan. Àwọn ọkùnrin tí orí wọn ti ń hewú ni, tí wọ́n dúró lábẹ́ igi máńgòrò, tí wọ́n ń sunkún bí ọmọdé. Agbábọ́ọ̀lù baba wa ni gbogbo wọn nígbà kan rí. Fún ọdún púpọ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní eré bọ́ọ̀lù, kò sì gba owó kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwa ọmọ rẹ̀ ṣe ohun tí ó yẹ kí ọmọ ṣe: a sin baba wa, a sì gba àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ̀dùn kan wà nínú wa lọ́hùn-ún tí kì í ṣe ti ikú nìkan. A ń bi ara wa pé, kí ni ó kù fún wa lẹ́yìn tí àwọn wọ̀nyí ti pín baba wa láàárín ara wọn tán?

Ìbéèrè yìí ṣì wà lọ́kàn wa nígbà tí ẹgbẹ́ ní kí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan tí ó fi eré ìdárayá tọ́ ọmọ. A wá ìtàn kiri, a sì kan ti Bob Johnson, ará Amẹ́ríkà, akọ́nimọ̀ọ́gbá eré họ́kì orí yìnyín. A mọ̀ pé eré yìí ṣe àjèjì sí ilẹ̀ wa, níbi tí a kì í ti í rí yìnyín àfi nínú ẹ̀rọ amómitutù. Ènìyàn mẹ́fà ní í wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú bàtà onírin lẹ́sẹ̀ àti ọ̀pá títẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n a máa lé rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan kiri lórí yìnyín, kí wọ́n lè gbá a wọ inú àwọ̀n. Ọ̀nà mẹ́ta ni a pín eré náà sí, ìṣẹ́jú 20 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìlú Minneapolis, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ni a ti bí Bob Johnson ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 1931. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, ní Warroad, ìlú kékeré kan ní ẹ̀bá ààlà Kánádà, kí ó tó padà sí Minneapolis. Ní 1966 ó dé Yunifásítì Wisconsin, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1982. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà: ní 1973, ní 1977 àti ní 1981. Ọ̀rọ̀ kan ni a fi mọ̀ ọ́n jù lọ: “Ọjọ́ òní dára fún họ́kì.”

Ó ní aya, ó sì ní ọmọ márùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn, Mark, wọ ẹgbẹ́ Wisconsin ní 1976, ó sì gbá eré lábẹ́ baba rẹ̀ títí di 1979. Ó wà lára àwọn tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ti 1977. Ibí yìí ni a ti dá ìwé náà dúró, tí a ń ronú. Báwo ni ó ti rí kí baba ẹni tún jẹ́ ọ̀gá ẹni? Bí ó bá yìn ọ́, wọn a ní ojúsàájú ni. Bí ó bá bá ọ wí lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ, ilé kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì yóò padà sí.

Ẹnì kejì ni ó dá ọ̀rọ̀ ojúsàájú yẹn nù. Herb Brooks, akọ́nimọ̀ọ́gbá Yunifásítì Minnesota, ni abánidíje Bob Johnson, gbogbo ayé họ́kì sì mọ̀ pé àwọn méjèèjì kò rẹ́. Òun ni a fi ṣe olórí ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà fún eré Òlíḿpíìkì ti 1980 ní Lake Placid. Síbẹ̀, ó yan Mark. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì, wọ́n kojú Soviet Union, tí ó ti gba wúrà ní Òlíḿpíìkì mẹ́rin léra. Mark gbá góòlù méjì wọlé. Èkíní wọlé nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú-àáyá kan péré kí apá àkọ́kọ́ parí. Èkejì sọ eré náà di 3 sí 3. Amẹ́ríkà borí pẹ̀lú góòlù 4 sí 3, wọ́n sì gba wúrà lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ẹni tí kò bá baba rẹ́ ni ó yan ọmọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ni ó rí, kì í ṣe orúkọ baba.

Bob Johnson lọ sí Calgary ní 1982, ó sì kó ẹgbẹ́ náà dé ìdíje àṣekágbá ní 1986, níbi tí Montreal ti borí wọn. Ní 1990 ó dé Pittsburgh. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1991, wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ Stanley. Ẹgbẹ́ Minnesota ni wọ́n fi góòlù 8 sí òdo ṣẹ́gun, ní Bloomington, ìtòsí ìlú tí a ti bí i. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, àìsàn jẹjẹrẹ inú ọpọlọ dá a wó. Ó kú ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún náà, ẹni ọgọ́ta ọdún. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nì sórí yìnyín pápá Pittsburgh, ẹgbẹ́ náà sì tún gba ife-ẹ̀yẹ ní 1992.

Mark ńkọ́? Láti 2002 ni ó ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ obìnrin ní Wisconsin, yunifásítì baba rẹ̀. Ní 2006 wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ àkọ́kọ́, púpọ̀ sì ti tẹ̀lé e. Ogún tí a rí lọ́wọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ títọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a kà dé ibẹ̀, a ṣí àpótí baba wa. A bá ìwé pẹlẹbẹ kan níbẹ̀, tí ó kọ orúkọ àwọn ọmọ inú ẹgbẹ́ rẹ̀ sí. Orúkọ tiwa wà láàárín wọn, ní ipò tí lẹ́tà àkọ́kọ́ fi wọ́n sí. Kò fà wọ́n síwájú, kò sì fi àmì kankan sí wọn. Ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ aládùúgbò kan ni a ti rí i pé: “Kò tíì jẹun. Kí ó kọ́kọ́ yà sílé.” A rántí ọmọ náà. A máa ń bínú sí i pé ó ń jẹ oúnjẹ wa. Ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọ̀kan nínú wa, ẹni tí baba wa kò jẹ́ kí ó gbá eré kan tí ó fi sunkún dalẹ́, ohun tí ó kọ ni pé: “Ibà ń ṣe é. Kí ó sinmi. Inú rẹ̀ kò ní dùn sí mi.”

Àwọn àgbà ní, ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. A ti ń pa òwe yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n a kò rò ó rí pé baba tiwa wà nínú igba ènìyàn náà fún ọmọ ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń wo àwa náà.

Ní ìrántí ọdún kejì, a ránṣẹ́ pe gbogbo àwọn tí ó kù láyé nínú ìwé náà. A ka orúkọ wọn bí ó ti tò wọ́n, ẹni tí a pè sì ń dáhùn. Nígbà tí ó kan tiwa, àwa náà dáhùn.