Ìbọn Márùn-ún, Àtàǹpàkò Kan

Àwọn àgbà ló ní ẹni tó bá lé eku méjì yóò pòfo. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìtumọ̀ tí mo máa ń fún wọn ni pé kí ènìyàn má ṣe pín ọkàn rẹ̀ sí méjì. N kò ronú rí pé ìbọn ìléwọ́ ni yóò tún òwe náà túmọ̀ fún èmi alára, ní ilé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fara balẹ̀ kí n rò fún yín.

Ọmọ ọdẹ ni wá. Bàbá wa kò ní ju ìbọn kan ṣoṣo lọ títí tó fi jẹ́ ìpè Elédùmarè. Ṣakabùlà ni, èyí tí wọ́n ń rọ ẹ̀tù sí láti ẹnu. Bàbá mọ ìwọ̀n ẹ̀tù tí ìbọn náà ń fẹ́ láìwo ọwọ́ ara rẹ̀. Nínú òkùnkùn biribiri, ìka rẹ̀ mọ gbogbo ibi tó yẹ kó kàn. Ní ti ìbọn ìléwọ́, n kò rí i rí àfi ní ìbàdí ọlọ́pàá, nítorí òfin ìbọn ti ọdún 1959 ní ilẹ̀ Nàìjíríà kà á mọ́ àwọn ìbọn tó jẹ́ èèwọ̀ fún aráàlú, nígbà tí ṣakabùlà wà ní ìsọ̀rí tirẹ̀, tí ọdẹ sì lè ní in bí ó bá gba ìwé àṣẹ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí a gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà lọ́hùn-ún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ṣí àpótí irin kan tó wà nínú yàrá rẹ̀, ó sì fi ìbọn ìléwọ́ mẹ́ta hàn mí. Wọ́n jọra bí ọmọ ìyá: ńlá, àárín, àti kékeré.

Mo ní, “Bọ̀dá mi, kí lẹ fẹ́ fi ìbọn mẹ́ta ṣe?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tíṣà, o ò tíì rí nǹkan kan. Márùn-ún ni wọ́n tẹ́lẹ̀, kò sì sí méjì tó jọra nínú wọn.”

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn wọn fún mi. Àkọ́kọ́ nínú márààrún ni èyí tí wọ́n ń pè ní 1911, tí John Browning ṣe, tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì lò láti ọdún 1911 títí di ọdún 1985 kí wọ́n tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi di ọmọ onílẹ̀ ló rà á. Ìkejì ni Beretta 92, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun náà fi rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 1985. Ìkẹta ni Smith & Wesson, tí ihò ọta mẹ́fà rẹ̀ ń yí bírípo bí a bá ti ń yìn ín; ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ ló tà á fún un ní ọ̀pọ̀. Ìkẹrin ni Walther PPK, ìbọn James Bond tí a jọ máa ń wò nínú sinimá nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ìkarùn-ún ni Glock 19.

Mo sọ fún un pé ọkàn ẹni tó ní irú ohun ìjà báyìí gbọ́dọ̀ balẹ̀. Ó mi orí. Ó ní òun náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ní kí n kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ ọta. Irú ọta mẹ́rin ni ìbọn márùn-ún yẹn ń jẹ. Beretta àti Glock nìkan ló jọ ń jẹ ọta milimita 9. Ọta Walther fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tiwọn dọ́gba ní sísanra, àmọ́ ó kúrú jù ú lọ. Ẹni tí kò bá wò ó dáadáa lè ṣì í mú. Bákan náà, àpò ọta ìbọn kan kò wọ èkejì. Bí ó bá sì lọ sí pápá ìdánrawò, márùn-ún ló ń pín àkókò kan náà, kò sì sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ dé ìsàlẹ̀ ikùn.

Ṣùgbọ́n èyí tó le jù ni ọ̀rọ̀ ìdènà. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà lára àwọn ìbọn mìíràn tí a fi ń tì wọ́n pa kí ọta má baà jáde bí ìka bá ṣèèṣì fa ohun tí ń mú ìbọn dún. Irin yẹn ni mo pè ní ìdènà. Lára 1911, bí àtàǹpàkò bá tẹ ìdènà wálẹ̀, ìbọn ṣí. Bí ó bá tì í sókè, ìbọn tì. Lára Beretta àti Walther, òdì kejì ni: ìsàlẹ̀ ni títì, òkè ni ṣíṣí. Smith & Wesson àti Glock kò tilẹ̀ ní irin tí àtàǹpàkò ń tì rárá. Nítorí náà, àtàǹpàkò kan ṣoṣo ni Ọlọ́run dá sí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi, èdè mẹ́ta ló sì fẹ́ kí ó máa sọ.

Ní òru ọjọ́ kan ní ìparí ọdún 2022, ní nǹkan bí aago méjì, ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dún. Beretta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ní àsìkò náà, ó sì ti tì í pa kó tó sùn. Ó mú un, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ìyàwó rẹ̀ sì di aṣọ rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn. Ó rí òjìji ènìyàn kan tó ń bọ̀ nínú òkùnkùn. Àtàǹpàkò rẹ̀ lọ síbi tí ìdènà 1911 máa ń wà, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó wá ìdènà náà kàn lókè, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, bí 1911 ti kọ́ ọ. Ìsàlẹ̀ ni ìdènà náà ti wà tẹ́lẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ibi tó ti ń wá ọ̀nà àtiṣí i ni òjìji náà ti fọhùn pé, “Dádì, èmi ni.”

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni. Yunifásítì tó wà ní ìlú mìíràn ló ti ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé e wá, iná sì ti tán lórí fóònù rẹ̀.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé, “Ṣé ẹ ò bá ti yìn ín ni?”

Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, “Tíṣà, n kò mọ̀. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn.”

Ìtàn náà kò tán síbẹ̀. Bí wọ́n ti dì mọ́ ọmọ náà tán, tí wọ́n fún un ní oúnjẹ, ẹ̀gbọ́n mi dá ìbọn padà sí ibi tó ti mú un. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kí ó tó gbé e kalẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ti ìdènà sókè, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé òun ti tì í. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ló tó rí i pé ńṣe ni òun ṣí i. Láti òru títí di òwúrọ̀, ìbọn tó ṣe tán láti dún ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ àti orí ìyàwó rẹ̀. Ìdàrúdàpọ̀ tó gba ọmọ rẹ̀ lálẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun àti aya rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọjọ́ yẹn ló pinnu pé ìran ìbọn kan ṣoṣo ni yóò kù nínú ilé òun.

Glock ló mú. Olóògbé Gaston Glock, ọmọ ilẹ̀ Ọ́sítríà, ló dá ìran náà sílẹ̀, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ rẹ̀ sì gbà á ní ọdún 1982. Ńlá inú wọn ni Glock 17, tí àpò rẹ̀ ń gba ọta 17. Àárín ni Glock 19, tó dé ní ọdún 1988, tó ń gba 15. Kékeré ni Glock 26 ti ọdún 1995, tó ń gba 10. Ọta kan náà ni àwọn mẹ́ta yìí ń jẹ. Àpò ọta ti ńlá wọ àárín àti kékeré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti kékeré kò lè bá ńlá mu. Ohun tó wu ẹ̀gbọ́n mi jù ni pé ọ̀nà kan náà ni a ń gbà lo gbogbo wọn. Bí ìka kò bá fà á, kò ní dún. Bí ìka bá fà á, yóò dún. Kò sí ọ̀rọ̀ òkè, kò sí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Ó ta mẹ́rin tó yàtọ̀, ó fi ńlá àti kékeré kún àárín tó ti ní.

Ẹ má rò pé títà náà rọrùn. Iye tí oníṣòwò fún un kò tó iye tó fi rà wọ́n, ṣùgbọ́n owó kọ́ ló dùn ún. Ó ní nígbà tí òun gbé 1911 yẹn lé orí tábìlì oníṣòwò, ńṣe ló dà bíi pé òun ń ta ọdún tí òun di ọmọ onílẹ̀. Ìgbà méjì ló kúrò níbẹ̀ tó tún padà. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún un pé, “Dádì, ìrántí kì í gbé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.”

Ọ̀rọ̀ yìí yé mi ju bí ẹ̀gbọ́n mi ti rò lọ. Bíbélì àtijọ́ ni ìyá wa fi kọ́ mi ní ìwé kíkà. “Aiye”, “enia” àti “nwọn” ló wà níbẹ̀. Ilé ìwé tí mo lọ ń lo àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974: “ayé”, “ènìyàn”, “wọ́n”. Ọ̀nà méjèèjì ni ọwọ́ mi mọ̀, ní ọjọ́ ìdánwò sì ni wọ́n máa ń dàrú mọ́ ara wọn. N ó kọ “enia” ní ìlà kìn-ín-ní, n ó kọ “ènìyàn” ní ìlà kejì, bírò pupa olùkọ́ a sì fa ìlà sábẹ́ méjèèjì. Nígbà tí mo gba ọ̀nà kan ni ọwọ́ mi tó já gaara. Bíbélì ìyá mi ṣì wà nílé, ṣùgbọ́n n kì í mú un wọ kíláàsì.

Síbẹ̀, ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì bi í. Mo ní, “Bọ̀dá mi, ẹ má bínú o. Bó bá jẹ́ pé Glock tí kò ní ìdènà yìí ló wà lọ́wọ́ yín lóru ọjọ́ yẹn ńkọ́?”

Kò bínú. Ó ní òun ti bi ara òun ní ìbéèrè yẹn ju ẹgbẹ̀rún ìgbà lọ. Ó ní ènìyàn kò lè fi àṣìṣe ṣe alábòójútó ilé rẹ̀, nítorí àṣìṣe tó gbà ọ́ lónìí kò bá ọ mulẹ̀ pé yóò gbà ọ́ lọ́la. Ó ní nígbà tí ìbọn ṣì jẹ́ márùn-ún, gbogbo ọgbọ́n orí òun ló ń lọ sórí pé èwo ni mo mú, níbo ni ìdènà rẹ̀ wà. Nísinsìnyí tí ọwọ́ ti mọ iṣẹ́ tirẹ̀, ojú ráyè wo nǹkan, ẹnu sì ráyè sọ̀rọ̀. Ó fi tọ́ọ̀ṣì kan hàn mí, tó wà nínú àpótí pẹ̀lú ìbọn. Ó ní tọ́ọ̀ṣì ni òun kọ́kọ́ ń mú, ohùn ló tẹ̀ lé e, ìbọn ló kẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé Bàbá wá sí mi lọ́kàn. Ṣakabùlà rẹ̀ kan ṣoṣo, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, síbẹ̀ kì í yìnbọn sí ìró. Bí ewé bá mì, a dúró títí tí iná orí rẹ̀ yóò fi bá ojú ẹran pàdé, a sì tún dúró kí ó lè dá a lójú pé ojú ẹran ni. Ó kọ́ wa pé ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ ní ahéré lálẹ́ gbọ́dọ̀ súfèé láti òkèèrè, ìbáà jẹ́ ọmọ, ìbáà jẹ́ aya. Òun alára, tó ni ahéré, máa ń súfèé.

Mo rán ẹ̀gbọ́n mi létí. Ó wò mí, ó ní, “Mo ti gbàgbé ìyẹn.”

Ní ọjọ́ tó ku ọ̀la kí n padà sílé, ọmọ náà wá kí mi. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kó tó gbé ẹsẹ̀ wọlé, ó dúró ní ìta, ó ké pé, “Dádì, èmi ni o!”

Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn láti inú ilé ìdáná, ó ní, “Máa wọlé, ọmọ mi.” Lẹ́yìn náà ló súfèé, bí Bàbá ti máa ń ṣe.