Ìbàdàndùn: Aṣọ tí Ó Ní Orúkọ

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, bí ọ̀nà yín bá já sí Ìbàdàn, ẹ má ṣe ti ọjà bọ̀ wá sílé láìgun Òkè Màpó. Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà, tí ó tẹ́ lọ súà títí dé ibi tí ojú mọ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọjú sí gbọ̀ngàn ńlá tí a ṣí ní ọdún 1929, kí ẹ wo àwọn òpó gìrìwò tí ó dúró níwájú rẹ̀. Ẹ wò wọ́n dáadáa, nítorí ẹ ó tún bá wọn pàdé lórí aṣọ.

Àwọn ìyá wa aláró ni ó gbé òpó wọ̀nyí sórí àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Wọn a fi lááfún se ẹ̀kọ, wọn a sì fi ìyẹ́ adìẹ yà á sára aṣọ funfun: òpó kan, ṣíbí kan, òpó kan, ṣíbí kan. Bí ẹ̀kọ bá gbẹ, wọn a ri aṣọ náà bọ inú aró lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí yóò fi dúdú minimini. Ibi tí ẹ̀kọ bò ni aró kò lè mú. Bí wọ́n bá họ ẹ̀kọ kúrò, àwòrán a yọ.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò parí síbẹ̀. Wọ́n sọ aṣọ náà ní Ìbàdàndùn. Ẹ gbọ́ ọ bí oríkì: ọ̀rọ̀ kan péré, ìyìn odidi ìlú. Bí kò bá sí orúkọ yìí, òpó àti ṣíbí lásán ni à bá rí. Bí kò bá sì sí òpó, ìyìn náà kì bá tí rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ Olókun, tí ó ń pe ẹni tí ó ni òkun, àti Ọlọ́ba, tí ó ti inú ayẹyẹ ọdún 25 Ọba George V lórí oyè jáde ní 1935.

Àwọn àgbà ní, aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Báwo ni a ó ṣe kí aṣọ tí a kò mọ orúkọ rẹ̀? Lónìí, ẹ̀rọ ilẹ̀ òkèèrè ń tẹ àwòrán àdìrẹ sórí aṣọ olówó pọ́ọ́kú, ó sì ti kún ọjà. Ẹ̀rọ lè gbé òpó Màpó. Kò lè sọ fún ọmọ yín ìdí tí ìlú fi dùn.

Nítorí náà, ìbáà ṣe ní Ìbàdàn, ìbáà ṣe ní Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi aláṣọ pé: “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, kí ni orúkọ ọnà yìí? Kí ni ó ń wí?” Bí ẹ bá délé, ẹ tẹ́ aṣọ náà sórí ibùsùn, ẹ gbé ọmọ lé e, ẹ fi ìka rẹ̀ tọ ojú ọnà, kí ẹ sì máa pe orúkọ rẹ̀ sí i létí. Bí ó bá dàgbà, òun náà yóò lè kí aṣọ ìyá rẹ̀.